Ẹnu Kan Náà, Inú Ọ̀tọ̀: Irọ́ Tí Wọ́n Ń Pa fún Wa Lórí Kọ́ọ̀dù Táìpù-C

Irọ́ kan wà tó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ débi pé àwọn tó ń ta kọ̀ǹpútà fúnra wọn gbà á gbọ́: pé bí ẹnu kọ́ọ̀dù bá ti jẹ́ Táìpù-C, tó sì wọ ojú ihò rẹ̀, kò sí ohun tó tún kù láti béèrè. Ẹ wọ Computer Village ní Ìkẹjà, ẹ ní ẹ fẹ́ kọ́ọ̀dù tí ẹ máa fi so SSD, ẹ̀rọ ìpamọ́ fáìlì, mọ́ láptọ́ọ̀pù. "Táìpù-C ni, ó ń ṣiṣẹ́," lẹ máa gbọ́. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Bó ṣe ń yá sí lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀hún ni kò sẹ́ni tó ń béèrè.

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Táìpù-C jẹ́ orúkọ ẹnu, kì í ṣe orúkọ iṣẹ́. Oṣù kẹjọ ọdún 2014 ni ìlànà ẹnu yìí jáde: ẹnu pẹlẹbẹ tó ní irin 24 nínú, tí kò ní òkè tí kò ní ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlànà yẹn kò fi dandan lé e pé kí wáyà wà nídìí gbogbo irin náà. Kọ́ọ̀dù tó pé ní wáyà méjì fún dátà USB 2.0, tí í ṣe ọgbọ́n ọdún 2000, ó tún ní wáyà mẹ́jọ mìíràn fún dátà tó ń sáré. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe kọ́ọ̀dù tí owó rẹ̀ kò ní pọ̀ yóò fi mẹ́jọ yẹn sílẹ̀. Ẹnu rẹ̀ kò ní yí padà, yóò sì máa ṣájì fóònù dáadáa. Bí ẹ bá fẹ́ fi gbé àwòrán lọ sí ojú mọ́nítọ̀ nìkan lẹ máa rí i pé òkùnkùn ló gbà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. USB 2.0 kò lè kọjá 480 Mbps. Bíìtì nìyẹn o, kì í ṣe báìtì. Ẹ fi mẹ́jọ pín in, ó di 60 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, lójú iṣẹ́ gan-an kì í sì í ju nǹkan bí 40 lọ. Ká ní oníkámẹ́rà kan ya ìgbéyàwó ní Sátidé, tí fídíò rẹ̀ jẹ́ 100 GB. Lórí kọ́ọ̀dù USB 2.0, ó máa jókòó tì í fún bí ogójì ìṣẹ́jú. Bí SSD àti láptọ́ọ̀pù rẹ̀ bá gba 10 Gbps (Gbps kan jẹ́ ẹgbẹ̀rún Mbps), tó sì fi kọ́ọ̀dù 10 Gbps so wọ́n pọ̀, kò ní gbà á ju bí ìṣẹ́jú méjì lọ. Kọ́ọ̀dù nìkan ló yàtọ̀. Síbẹ̀ SSD ni wọ́n máa ń bú, wọ́n á ní ayédèrú ni, wọ́n á sì gbé e padà lọ bá ẹni tó tà á láti bá a jà.

Wọ́n á ní: "Kọ́ọ̀dù ẹ̀bá ọ̀nà lò ń sọ, ojúlówó lèmi ń rà." Ó dáa. Ní 2023, Apple gbé iPhone 15 Pro jáde, fóònù tó lè fi dátà ránṣẹ́ ní 10 Gbps. Kọ́ọ̀dù tí Apple fúnra rẹ̀ fi sínú páálí fóònù náà, USB 2.0 ni: 480 Mbps. Ṣé ayédèrú nìyẹn náà? Apple kò parọ́ fún ẹnikẹ́ni, kọ́ọ̀dù ṣájà ni wọ́n pè é. Kódà kọ́ọ̀dù ṣájà 240W tí wọ́n ń tà, tó nípọn, tó lágbára, 480 Mbps náà ni. Agbára iná kò bá ìyára dátà tan rárá.

Àwọn mìíràn á fà wá lọ sí Yúróòpù, wọ́n á ní òfin ti sọ gbogbo rẹ̀ di ọ̀kan. Òfin wà lóòótọ́, ó sì ti de àwọn fóònù láti oṣù Kejìlá ọdún 2024. Ọ̀rọ̀ ṣájì ló sọ. Kò sọ ohunkóhun nípa bí dátà ṣe gbọ́dọ̀ yára tó.

Ìgbàgbọ́ pé ẹnu tó bá ti wọlé ti tó kò sì mọ sí fífi àkókò ṣòfò. Ní 2015, Benson Leung, onímọ̀ ẹ̀rọ ní Google, bẹ̀rẹ̀ sí í ra kọ́ọ̀dù Táìpù-C lórí Amazon, ó ń dán wọn wò, ó sì ń kọ ohun tó bá rí síta. Ní oṣù kejì ọdún 2016, ọ̀kan nínú wọn ba láptọ́ọ̀pù Chromebook Pixel tó fi ń dán wọn wò jẹ́. Wọ́n ti gbé wáyà iná sí ibi tó yẹ kí wáyà ẹ́ẹ̀tì wà, wáyà dátà tó ń sáré kò sì sí nínú rẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ ẹnu rẹ̀ wọlé wẹ́kú. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni Amazon fòfin de kọ́ọ̀dù tí kò bá ìlànà mu.

Ta ló jẹ̀bi? Èmi kò ní dá ẹ̀bi gbogbo rẹ̀ lé ọlọ́jà lórí. USB-IF, ẹgbẹ́ tó ń bójú tó ìlànà USB, ló kọ́kọ́ da ọ̀rọ̀ rú. Ohun tó ń jẹ́ USB 3.0 ní 2008, tó ń sáré ní 5 Gbps, wọ́n sọ ọ́ di USB 3.1 Gen 1, wọ́n tún sọ ọ́ di USB 3.2 Gen 1. Orúkọ mẹ́ta, kò sì fi Mbps kan ṣoṣo yára sí i! Intel náà wá gbé Thunderbolt 3, ìlànà ìfidátà-ránṣẹ́ tirẹ̀, wọ inú ẹnu kan náà ní 2015, ó ń sáré ní 40 Gbps, tí àmì mànàmáná sì wà lára kọ́ọ̀dù rẹ̀. Òun náà ní tirẹ̀ lábẹ́ aṣọ: kọ́ọ̀dù Thunderbolt 3 tí kò ní ẹ̀rọ tó ń ràn án lọ́wọ́ nínú, bó bá ti gùn ju nǹkan bí ìdajì mítà lọ, 20 Gbps ló máa ń bọ́ sí.

Kì í ṣe pé mo ní kí ẹ lọ fi owó oúnjẹ ra Thunderbolt o. Hard disk àtijọ́ tó ń yí nínú kì í sábà ju 200 MB lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kọ́ọ̀dù 5 Gbps ti tó o, ó sì ṣẹ́ kù. Ihò, kọ́ọ̀dù, ẹ̀rọ: èyí tó bá lọ́ra jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni yóò darí ìyókù.

Láti 2022 ni USB-IF ti ní kí iye Gbps àti W máa hàn gbangba lára páálí àti kọ́ọ̀dù. Ẹ wá a kí ẹ tó sanwó. Bó bá jẹ́ W nìkan lẹ rí, kọ́ọ̀dù ṣájà ni. Èyí tó sì wà nílé tí kò ní àkọlé kankan, ẹ fi da fáìlì ńlá kan láti inú láptọ́ọ̀pù sínú SSD, kí ẹ máa wo iye MB tó ń gbé ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá há sí àárín 30 sí 40, ẹ fi kọ́ọ̀dù yẹn sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún ṣájì fóònù, kí ẹ wá òmíràn fún iṣẹ́.