Ẹ Padà Wá Lọ́la, Tíṣà

Bí ẹnì kan nínú yín bá fẹ́ mọ ìwọ̀n sùúrù tí Ọlọ́run fún un, kí ó gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ tó bàjẹ́ lọ fún àwọn tí ń tún un ṣe. Láyé àtijọ́, télọ̀ ni ọ̀gá nínú kí a máa fi ọ̀la dá ènìyàn dúró. Ọdún ku ọ̀la, aṣọ kò tíì rí abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó ti wù kí télọ̀ burú tó, kò jẹ́ wí fún ọ pé aṣọ rẹ ti kú. Ẹni tí ń tún láptọ́ọ̀pù ṣe lè wí bẹ́ẹ̀. Yóò ní motherboard rẹ̀ ti kú, kò sì sí mọ̀lẹ́bí kan tí yóò ní kí wọ́n ṣí òkú náà kí òun wò ó.

Àwa tí a ń gbé Orílẹ̀-Òwu mọ èyí lára ju ará Ìbàdàn lọ, nítorí ọ̀la tiwa ní owó ọkọ̀ nínú. Bí ẹ̀rọ bá dákẹ́, ó di Ìkirè tàbí Àpòmù. Bí apá àwọn yẹn kò bá ká a, ó di Ìbàdàn, ní agbègbè Queen Cinema tàbí Ìwó Road níbi tí àwọn oníkọ̀ǹpútà pọ̀ sí. "Ẹ padà wá lọ́la, Tíṣà." Gbólóhùn kékeré ni lẹ́nu ẹni tó ń sọ ọ́. Lápò ẹni tó ń gbọ́ ọ, owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ ni, pẹ̀lú ọjọ́ iṣẹ́ kan tàbí ọjọ́ ọjà kan tó ṣòfò.

Olùkọ́ obìnrin kan wà tí a jọ ń ṣiṣẹ́, n kò ní í dárúkọ rẹ̀. Òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn obìnrin oníṣòwò kan, àwọn mẹ́tàlélógójì: oní-dòdò, aláṣọ, elépo, àwọn tí ń ta gààrí. Inú láptọ́ọ̀pù rẹ̀ ni ìwé owó wọn wà fún ọdún mẹ́ta, iye tí oníkálukú dá, ẹni tó yá owó, ẹni tó ti san tán, ẹni tó ku díẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ àṣà tuntun. Bí ó bá tàn án, yóò ṣiṣẹ́ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, fáànù inú rẹ̀ yóò máa kùn bí agbọ́n, abẹ́ rẹ̀ yóò gbóná, yóò sì kú fúnra rẹ̀.

Ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan. Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ kò ṣí i wò. Ó tàn án, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó mi orí, ó ní Windows rẹ̀ ló ti bàjẹ́, àfi kí òun fọ́máàtì rẹ̀. Owó rẹ̀, ₦7,000. Kí ó padà wá lọ́la. Ọ̀la yẹn gba ọjọ́ mọ́kàndínlógún. Nígbà tí ó wá gbé ẹ̀rọ náà lé e lọ́wọ́, inú rẹ̀ mọ́ tónítóní bí ilé tí wọ́n ti kó ẹrù kúrò. Ìwé ẹgbẹ́ kò sí níbẹ̀ mọ́. Ìwé máàkì àwọn ọmọ ilé ìwé kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó figbe ta, èsì tó sì gbọ́ ni pé, "Àǹtí, ẹ ò sọ fún mi pé nǹkan wà níbẹ̀."

Ẹ gbọ́ mi, ẹ̀yin ènìyàn. Ta ní ń gbé àpótí lọ fún káfíńtà pé kó bá òun tún ìdérí rẹ̀ ṣe, tí káfíńtà yóò kó aṣọ inú rẹ̀ dà sí ààtàn, tí yóò wá ní wọn kò sọ fún òun pé aṣọ wà nínú àpótí?

Èyí tó dùn mí jù ni ti alẹ́ ọjọ́ náà. Ó gbé e délé, ó tàn án. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, fáànù kùn, abẹ́ gbóná, ó kú.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, èmi pẹ̀lú rẹ̀ wọ ọkọ̀ ó di Ìbàdàn. Ọkùnrin tí wọ́n júwe fún wa, Alájì kan tí irun rẹ̀ ti ń funfun, kò tilẹ̀ kọ́kọ́ tàn án. Ó bi í pé ọdún mélòó ni ó ti rà á, ó bi í pé ṣé ó máa ń gbé e lé orí bẹ́ẹ̀dì lò, ó sì tú síkúrúù abẹ́ rẹ̀ lójú wa. Eruku tó jáde láti inú fáànù náà tó kún ọwọ́. Alájì wá ṣàlàyé fún wa, mo sì gbádùn rẹ̀, nítorí ó sọ̀rọ̀ bí olùkọ́. Ó ní ọpọlọ ẹ̀rọ náà máa ń gbóná bí ó bá ń ṣiṣẹ́. Bàbà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ń gbé ooru náà lọ sọ́dọ̀ fáànù, kí fáànù fẹ́ ẹ síta. Láàárín ọpọlọ àti bàbà, wọ́n fi ìpara kan sí i tí kò jẹ́ kí àlàfo wà. Bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, ìpara náà yóò gbẹ. Bí ọyẹ́ bá ti ń kó eruku wọlé, ihò tí fáànù ń gbà fẹ́ ooru síta yóò dí. Nígbà tí ooru bá kọjá ààlà, ẹ̀rọ náà yóò pa ara rẹ̀ kí ó má baà jóná. Kò sí ọ̀ràn Windows níbẹ̀ rárá. Alájì gbọn eruku, ó fi ìpara tuntun sí i, ó gba ₦6,000, kò sì pé wákàtí kan. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀rọ yẹn kò kú fúnra rẹ̀ mọ́.

A bi í léèrè ìwé ẹgbẹ́. Ó ní fọ́máàtì tí wọ́n bá sáré ṣe kì í sábà pa ohun gbogbo rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Bí ìgbà tí a fa ojú ewé tí a kọ àkóónú ìwé sí ya ni. Àwọn ojú ewé tó kù ṣì wà níbẹ̀, títí di ìgbà tí a bá kọ nǹkan mìíràn lé wọn lórí. Ìdí nìyí tí ẹni tí nǹkan rẹ̀ bá sọnù fi gbọ́dọ̀ pa ẹ̀rọ rẹ̀ kíá, kí ó má kó ohunkóhun sí i mọ́ títí ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò fi wá a. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin ọjọ́sí ti kó Windows tuntun lé e lórí, ó sì fi sinimá bí ogún sí i, bóyá láti fi tù ú nínú, èmi kò mọ̀. Alájì wá a fún wákàtí méjì. Àwòrán ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ jáde. Ti ìwé ẹgbẹ́, orúkọ rẹ̀ nìkan ló jáde, kò ṣeé ṣí.

Ẹ wá wo ìpàdé ẹgbẹ́. Wọ́n ní kí oníkálukú mú káàdì rẹ̀ wá. Àwọn mọ́kànlá kò rí tiwọn. Ẹni tí wọ́n rò pé gbèsè rẹ̀ ku oṣù mẹ́ta ní òun ti san tán. Ẹni tó ní owó nílẹ̀ ní owó tí wọ́n kà fún òun kéré. Nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀ títí, ₦312,000 ni kò ní olúwa. Àwọn ìyá méjì tí ìsọ̀ wọn kọjú síra wọn láti ọdún pípẹ́ kò kí ara wọn mọ́. Olùkọ́ yìí kò mu kọ́bọ̀ nínú owó náà, gbogbo wọn ló mọ̀, síbẹ̀ ó ń san ₦10,000 lóṣooṣù láti inú owó oṣù rẹ̀ sínú àpò ẹgbẹ́, nítorí ó ní òun kò fẹ́ kí wọ́n máa fi orúkọ òun ṣe àpèjúwe lọ́jà.

Àwa ará Òwu kọ́ ni ó yẹ kí a sọ fún pé iye nǹkan lè dá ìjà sílẹ̀. Àlùfáà Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, pé aáwọ̀ lórí iye èso atare tí wọ́n tà ní ọjà Àpòmù, ní nǹkan bí 1820, wà lára ohun tó fa ogun tó fọ́ Òwu. Atare lásán!

Nítorí náà, nígbà tí tèmi dákẹ́ ní sáà tó tẹ̀lé e, mo ti mọ ẹsẹ̀ tí n óò gbé. Mo kọ́kọ́ fi wáyà so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n ilé mi, nítorí bí àwòrán bá jáde níbẹ̀, a jẹ́ pé ojú rẹ̀ nìkan ló fọ́, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ wà láàyè. Kò jáde. Mo yá ṣájà ọ̀rẹ́ mi kan, lẹ́yìn tí mo ti wo ohun tí wọ́n kọ sí ara méjèèjì pé 19 volt ni wọ́n, nítorí kì í ṣe gbogbo ṣájà tí ẹnu rẹ̀ bá ti wọlé ló yẹ. Kò tàn. Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn. Kí n tó kúrò níbẹ̀, mo ní kí arákùnrin náà yọ hard disk rẹ̀ lójú mi, mo sì fi í sápò. Mo fi fóònù mi ya inú rẹ̀. Mo kọ ọ́ sínú ìwé: nọ́ńbà tó wà lábẹ́ rẹ̀, RAM 8GB, ohun tó ń ṣe é, owó àyẹ̀wò ₦3,000, ọjọ́ tó dá fún mi. Mo ní kí ó fọwọ́ sí i.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tíṣà, ṣé ilé lẹ fẹ́ rà ni?" Ṣùgbọ́n ó fọwọ́ sí i.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi gbọ́ ọ̀la. Lẹ́yìn náà ó ní motherboard ti kú, ₦85,000. Mo ní kí ó gbé e fún mi bẹ́ẹ̀. Alájì ṣí i n'Íbàdàn: ihò tí ṣájà ń wọ̀ ló ti já nínú, ₦5,000 péré. Ṣùgbọ́n RAM tó wà nínú rẹ̀ ti di 4GB. Mo padà lọ pẹ̀lú ìwé àti àwòrán. Arákùnrin náà wo ìwé, ó wo àwòrán, ó dákẹ́. Ó wá ní ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ òun ló ṣèèṣì, ó fa dúrọ́ọ̀, ó sì yọ 8GB mi jáde. N kò bá a jiyàn lórí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́. Owó àyẹ̀wò ni n kò rí gbà padà, n kò sì tíì bínú tán.

Ká má parọ́ mọ́ wọn, iṣẹ́ náà kò rọrùn. Púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ tí à ń gbé fún wọn ti darúgbó kí ó tó gúnlẹ̀ l'Ékòó. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2018 fi hàn pé ní 2015 àti 2016, nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù àlòkù ẹ̀rọ oníná ló ń wọ Nàìjíríà lọ́dọọdún, tí wọ́n kì púpọ̀ rẹ̀ sínú mọ́tò tòkunbọ̀, ó sì ju 15,000 tọ́ọ̀nù lọ tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ nígbà tó dé. Ara òkú ni wọ́n ti ń yọ ẹ̀yà fún alààyè. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ náà kì í fẹ́ fi ìwé àtúnṣe rẹ̀ han ẹlòmíràn, débi pé ìpínlẹ̀ New York l'Amẹ́ríkà ní láti ṣòfin ní 2022 kí wọ́n lè máa fún àwọn alátùn-únṣe ní ìwé, irinṣẹ́ àti ẹ̀yà. Bẹ́ẹ̀ sì ni nígbà tí ìjọba Ọ̀ṣun gbé Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde fún àwọn ọmọ ilé ìwé girama ní 2013, 150,000 ni wọ́n pinnu láti pín. Bí a bá lè ronú ẹ̀rọ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, mélòó ni àwọn ọmọ tí a ń kọ́ bí a ti í tún wọn ṣe? Nítorí náà, ọmọ tó bá wí fún yín pé, "Ẹ jọ̀ọ́, apá mi ò ká èyí," òun ni kí ẹ dì mú gírígírí.

Òfin wà nílẹ̀ náà. Òfin ẹ̀tọ́ oníbàárà ti 2018, tí wọ́n ń pè ní Federal Competition and Consumer Protection Act, sọ pé ẹni tó gba iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣe é lásìkò, kí ó sì dá ohun oníbàárà padà ní ipò tí kò burú ju bí ó ti gbà á lọ. Ó ní ẹni tó bá ń ta àlòkù gbọ́dọ̀ sọ pé àlòkù ni. Ẹni tí kò bá ní ìwé kankan lọ́wọ́, kí ni yóò fi hàn wọ́n?

Ìyá aláṣọ kan l'Ápòmù ní kí n bá òun dáhùn ìbéèrè kan níhìn-ín. Bátìrì láptọ́ọ̀pù ọmọ rẹ̀ wú títí ó fi ti kíbọ́ọ̀dù sókè, wọ́n sì ní kí wọ́n fi ìṣó lu ú kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè jáde. Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gún un. Iná ni yóò fi dáhùn. Kí wọ́n pa ẹ̀rọ náà, kí wọ́n má fi í sí iná mọ́, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n yọ bátìrì náà, kí wọ́n gbé e sínú yanrìn gbígbẹ níta, níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò tó, títí wọn yóò fi rí ẹni tó ń gba irú rẹ̀. Kí wọ́n má sì jù ú sínú ààtàn tí wọ́n ń dáná sun.