Ẹ Má Fi Máàkì Ìṣirò Tilẹ̀kùn Mọ́ Wa

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ṣé torí pé ọmọ féèlì ìṣirò ní JSS3 la ṣe máa ní kó gbàgbé iṣẹ́ dókítà? Èmi ò gbà o.

Ẹ wo Amẹ́ríkà. Níbẹ̀, èèyàn máa ń kọ́kọ́ gboyè yunifásítì kó tó wọ iléèwé ìṣègùn. Ẹni tó ka ìtàn tàbí orin pàápàá lè padà lọ ka kẹ́mísírì, físíìsì àti báyọ́lọ́jì nínú ètò tí wọ́n ń pè ní post-baccalaureate. Bryn Mawr College ní irú rẹ̀. Máàkì àtijọ́ kì í parẹ́ o, wọ́n á rí i. Àmọ́ wọ́n á tún rí i bóyá onítọ̀hún ti ń ṣe dáadáa sí i. Ìdánwò MCAT sì ń dúró dè é, wọn kì í mú kakulétọ̀ wọ ibẹ̀.

Nílé wa ńkọ́? JAMB kì í bi oníṣègùn ní ìṣirò, ṣùgbọ́n yunifásítì á béèrè kírẹ́díìtì rẹ̀ nínú WAEC. Kò sí ibi tá a máa sá gbà.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ò pọ̀: kí iléèwé fún wa ní lẹ́sìnnì ìṣirò fún táàmù kan ní SS1, kí wọ́n tó pín wa sí Science àti Arts. A kì í torí pé ọmọ ṣubú ká ní kó má rìn mọ́.