Tábúlẹ́ẹ̀tì àti Kọ̀ǹpútà Àgbélétan: Kí Ni Ó Yẹ Kí A Máa Béèrè?

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí ó tó gbé yẹ̀ wò. Ní ọ̀pọ̀ ilé ni ọmọ tí ó wà ní òkè òkun ti ń bi bàbá rẹ̀ léèrè pé irú tábúlẹ́ẹ̀tì wo ni kí òun rà ránṣẹ́. Èsì tí bàbá sì sábà máa ń fọ̀ ni pé, "Èyí tí ó bá lè ṣe gbogbo ohun tí kọ̀ǹpútà àgbélétan ń ṣe ni kí o rà." Ní tiwa, èsì yìí kò tọ̀nà, ó sì ń kó owó jáde lápò àwọn ènìyàn wa lásán.

Àwọn àgbà wa ni ó wí pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, bẹ́ẹ̀ ni ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà àgbélétan ni pé kí a jókòó tì í, kí a fi ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tẹ ìwé gígùn, kí a sì ṣe ìṣirò owó ẹgbẹ́. Iṣẹ́ tábúlẹ́ẹ̀tì ni pé kí a rọ̀gbọ̀kú sórí àga, kí a fi ka ìwé àti ìròyìn, kí a fi wo àwòrán, kí a sì fi bá ọmọ-ọmọ wa tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù sọ̀rọ̀ lójúkojú.

Ìtàn ohun èlò náà jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ wa. Ní 1972, Alan Kay, ọmọ Amẹ́ríkà tí ń ṣiṣẹ́ ní ibùdó ìwádìí ilé-iṣẹ́ Xerox ní California, kọ̀wé nípa kọ̀ǹpútà kan tí kò ní tóbi ju ìwé àjákọ lọ, tí kò ní wúwo tó kílò 2, tí ọmọdé àti àgbà yóò lè máa gbé kiri. Ní 2001, Bill Gates ti ilé-iṣẹ́ Microsoft sọ tẹ́lẹ̀ pé kí ọdún 5 tó pé, tábúlẹ́ẹ̀tì ni irú kọ̀ǹpútà tí a óò máa tà jùlọ ní Amẹ́ríkà. Ní 2002, tirẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n àsọtẹ́lẹ̀ náà kò ṣẹ. Ètò Windows tí a ṣe fún kọ̀ǹpútà orí tábìlì ni wọ́n kó sínú rẹ̀, wọ́n sì fi kálámù kan tì í; ó wúwo, ó sì wọ́n. Ní 2010 ni ilé-iṣẹ́ Apple mú iPad wá. Kò ní pátákó ìtẹ̀wé, kò ní kámẹ́rà, kò ní ihò USB. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n rẹ̀ kò ju nǹkan bí gíráàmù 700 lọ, ìka lásán ni a fi ń darí rẹ̀, wọ́n sì ní bátìrì rẹ̀ lè lo wákàtí 10. Láàárín ọjọ́ 80, wọ́n ta mílíọ̀nù 3. Èyí tí ó ń sín kọ̀ǹpútà jẹ kùnà. Èyí tí ó mọ iṣẹ́ ara rẹ̀ borí.

Kí ni kí a máa béèrè nígbà náà? Èkíní, kí ó jí lójú ẹsẹ̀ tí a bá fọwọ́ kàn án, gẹ́gẹ́ bí ìwé tí a ṣí. Èkejì, kí ó fúyẹ́ tó èyí tí ọwọ́ kan lè gbé, kí lẹ́tà rẹ̀ lè fẹ̀ fún àgbà tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, kí ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ tó èyí tí a lè kà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Ẹ̀kẹta, kí bátìrì rẹ̀ tó ọjọ́ kan gbáko, nítorí gbogbo wa ni a mọ bí iná mànàmáná ti ń ṣe sí wa. Kí ihò tí a fi ń gba iná sí i sì jẹ́ USB-C, èyí tí òfin Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù ti sọ di dandan fún tábúlẹ́ẹ̀tì láti òpin ọdún 2024. Bí okùn kan bá já, ti ará ilé yóò bá a mu.

Ẹ̀kẹrin, kí àyè ìpamọ́ rẹ̀ pọ̀, kí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sì ṣeé kà láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Àpẹẹrẹ èyí wà nílé wa. Ní 2013, lábẹ́ ìṣàkóso Gómìnà Rauf Aregbesola, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbé tábúlẹ́ẹ̀tì kan kalẹ̀ fún àwọn ọmọ kíláàsì àgbà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá ni wọ́n ti kó sínú rẹ̀ kí ó tó dé ọwọ́ ọmọ. Ọpọ́n Ìmọ̀ ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ tí ó mú wa rántí ọpọ́n tí babaláwo ń tẹ Ifá sí. Orúkọ yìí tọ́. Ohun tí a ń gbé síwájú ẹni láti wá ìmọ̀ ni tábúlẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀karùn-ún ni ó ká wa lára jù: kí ó lè kọ Yorùbá bí ó ti yẹ. Nínú ètò lẹ́tà tí gbogbo ayé ń lò fún kọ̀ǹpútà, ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní. Ẹ̀rọ ní láti to àmì ohùn náà lé lẹ́tà lórí fúnra rẹ̀. Bí àwọn lẹ́tà inú tábúlẹ́ẹ̀tì kò bá dára, àmì yóò yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí kí àpótí ṣófo dúró ní ipò rẹ̀. Kí a tó sanwó, kí a tẹ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ sójú rẹ̀. Bí a kò bá lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀, kí a dá a padà. Orí irú ohun èlò yìí ni àwọn ọmọ wa yóò ti máa ka oríkì orílẹ̀ wọn àti ìtàn oyè ìlú wọn. Bí àmì bá sọnù níbẹ̀, ìtumọ̀ sọnù nìyẹn.

Àwọn kan yóò wí pé ó sàn kí a ra èyí tí a lè so pátákó ìtẹ̀wé mọ́, kí owó kan ṣe iṣẹ́ méjì. A kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n wọn àpapọ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì ro iye owó rẹ̀. Nígbà púpọ̀, wọn yóò rí i pé kò yà sí ti kọ̀ǹpútà àgbélétan mọ́. Ohun tí ó yẹni ní ń yẹni, okùn ọrùn kò yẹ adìẹ. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ó ní ìwé gígùn láti kọ, kí a ra kọ̀ǹpútà àgbélétan fún un, kí a má sì fi tábúlẹ́ẹ̀tì tàn án jẹ.

Nítorí náà, a bẹ ẹ̀yin baba àti ìjòyè wa: nígbà tí ọmọ bá tún béèrè, ẹ ka ohun márààrún wọ̀nyí fún un, kí ẹ sì fi ìbéèrè nípa èdè wa ṣáájú. Olùtajà kì í kó ohun tí ẹnikẹ́ni kò béèrè wá sọ́jà. Bí àwa tí a ni èdè bá dákẹ́, ta ni yóò béèrè fún wa?