Lífù Tí A Kò Lè Múra Sílẹ̀ Fún



Ní ilẹ̀ Swídìn, òfin sọ pé kí ọ̀gá kọ́kọ́ bá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ jíròrò lórí lífù, kí ó sì fi ọjọ́ rẹ̀ tó òṣìṣẹ́ létí ní oṣù méjì ṣáájú. Ọjọ́ 25 ni lọ́dún, ó kéré tán, owó kò sì dúró. Òfin fẹ́ kí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tẹ̀ léra láàárín oṣù Júùnù sí Ọ́gọ́ọ̀sì (òtútù ibẹ̀ kì í ṣeré, ìgbà yẹn ni ara ń tù wọ́n). Nítorí náà dírẹ́bà bọ́ọ̀sì lè tètè háyà ilé létí òkun, kí ó ra tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè, kí ó kó ọmọ dání.

Kì í ṣe àánú ọ̀gá. Ọ̀sẹ̀ méjì ni òfin 1938 fún wọn. Ó di mẹ́ta ní 1951, mẹ́rin ní 1963, márùn-ún ní 1978. Ogójì ọdún gbáko!

Àwa ńkọ́? Ọjọ́ iṣẹ́ 6 péré ni òfin ilẹ̀ wa ní kí a má dín lẹ́yìn oṣù 12. Ọ̀pọ̀ wa ni wọ́n sì ń sọ fún ní Fúráìdé pé lífù bẹ̀rẹ̀ ní Mọ́ńdè. Ta ni yóò rí owó ọkọ̀ ilé kó jọ láàárín ọjọ́ méjì?

Àwọn kan ní kí a kọ́kọ́ bèèrè ọjọ́ sí i. A kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n lójú tiwa, ìfitónilétí oṣù méjì ni kí ó ṣáájú nínú ohun tí a ó gbé síwájú ọ̀gá. Kò ní ná wọn ní kọ́bọ̀.