Ọtí Tí Kò Tíì Expire Lè Ti Kú: Ẹ Jẹ́ Ká Sọ Òótọ́ Nídìí Ọjà Wa

Oòrùn yìí gan-an ló gbé ọ̀rọ̀ wa wá sórí pèèjì yìí lónìí.

Àwa tí à ń sọ̀rọ̀ yìí, ọtí la ń tà, àwa àti ìyá àwọn ọmọ wa. Ó ti lé lógún ọdún tí a ti wà nídìí ẹ̀ ní Kubwa níbí. Gírámà la kàwé dé, ọjà ló kọ́ wa ní ìyókù. Ẹ̀yin tí ẹ kì í fẹnu kan ọtí, yálà nítorí ẹ̀sìn tàbí nítorí ìlera, ẹ má tíì kọjá lọ. Ọ̀rọ̀ òótọ́ nídìí òwò ni. Ẹni tó ń ta jọ́ọ̀sì, màlíìtì, òróró tàbí wàrà máa rí tiẹ̀ níbẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, bíà inú agolo kan bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọ̀dọ̀ wa, irú èyí tí àwọn ọmọ ìwòyí ń pè ní craft beer. Iléeṣẹ́ kéékèèké ló ń pọn ọ́n. Nàìjíríà tiwa náà ti ní irú wọn, bíi Bature Brewery, àwọn mìíràn sì ń ti òkè òkun wá. Ti òkè òkun ni èyí tí a fẹ́ sọ yìí, IPA sì ni wọ́n kọ sára ẹ̀. Ẹnì kan tó ń já ọjà fún wa ló gbé e wá, ó ní òun máa dín owó kù tí a bá lè kó páálí méjìlá. A ò bèèrè ìdí tó fi ń dín in kù. Ojú èrè la fi wò ó. A kó o, a tò ó sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lábẹ́ páànù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́yìn ẹ̀. Oṣù Kejì la wà nígbà náà. Ẹni tó bá ń gbé Abuja mọ ohun tí ooru oṣù Kejì àti Ìkẹta ń ṣe lábẹ́ páànù.

Nígbà tó di ìparí oṣù Kẹta, àbúrò wa kan, ọmọ Ọ̀ffà, tó ní ibi ìgbafẹ́ kékeré kan ní Gwarinpa, wá kó páálí márùn-ún. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, ó gbé mẹ́rin ààbọ̀ padà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Ọtí yìí ti kú."

Inú bí wa. A dojú agolo kan délẹ̀, a fi ọjọ́ tó wà nídìí ẹ̀ hàn án. "Wò ó dáadáa. Oṣù mẹ́rin ló ṣì kù kó tó expire. Ta ló ń dá ọjà tí kò tíì expire padà?"

Kò bá wa jà. Ó ní ká fún òun ní kọ́ọ̀pù méjì. Ó da tiwa sínú ọ̀kan, ó sì yọ agolo mìíràn nínú báàgì tó gbé kọ́pá. Irú kan náà ni, àmọ́ kò tíì pé oṣù méjì tí wọ́n pọn ọ́n, inú fíríìjì ló sì ti ń gbé. Ó da ìyẹn sínú kọ́ọ̀pù kejì. Ó ní, "Ẹ gbóòórùn ẹ̀, sà."

Èyí tó gbé wá ń ta sánsán bí èèpo ọsàn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó, ó tún jọ máńgòrò díẹ̀. Tiwa ń rùn bíi páálí tó ti rẹ sómi. Ìyá àwọn ọmọ wa gbóòórùn méjèèjì, ó wò wá lójú, kò sọ nǹkan kan. A dá owó àbúrò padà fún un.

Kì í ṣe owó yẹn ló dùn wá jù. Kí àbúrò yìí tó dé, a ti ta páálí méjì nínú ẹ̀ fún ẹlòmíràn. Lẹ́yìn tó lọ, ìyókù ṣì wà nílẹ̀. Alájọṣòwò wa kan ní ká pò ó mọ́ tuntun nínú fíríìjì, ká máa mú ọ̀kan níbí, ká mú ọ̀kan lọ́hùn-ún, pé ta ló máa mọ̀? A sì ṣe é fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ra ẹyọ kan, ó ní òun fẹ́ mọ ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ òun ń pariwo ẹ̀. Ó mu ún débi ìdajì, ó gbé e sílẹ̀. Ó ní, "Ṣé èyí náà nìyí? Kò lè mú mi náwó mọ́ láé." Kò bú wa. Kò mọ̀ pé a rẹ́ òun jẹ. Ó rò pé bí ọtí náà ṣe rí nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò kúrò lọ́kàn wa di òní. Ẹni tó mọ̀, á dá ọjà padà. Ẹni tí kò mọ̀ ni a máa ń jẹ gbèsè fún títí ayé.

Lẹ́yìn ìgbà yẹn la bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí. Nǹkan mẹ́rin ni wọ́n fi ń pọn bíà: omi, ọkà bálì tí wọ́n ti mú kó hù, ìwúkàrà, àti òdòdó kan tí wọ́n ń pè ní hops. Ilẹ̀ tó tutù ju tiwa lọ ni hops fẹ́ràn. Hallertau ní Jámánì àti àfonífojì Yakima ní Amẹ́ríkà gbajúmọ̀ gan-an fún gbígbìn ín. Òun ló ń fún bíà ní kíkorò àti òórùn dídùn, òun náà ló ń dí àwọn kòkòrò kan lọ́wọ́ kí wọ́n má bàa mú ọtí kan. Láyé àtijọ́, àwọn Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi hops púpọ̀ sí bíà tí wọ́n fẹ́ fi ọkọ̀ ojú omi kó lọ sí Íńdíà. Ibẹ̀ ni orúkọ India Pale Ale, tí a gé kúrú sí IPA, ti wá.

Àwọn kan gbọ́ ìtàn yìí, wọ́n ní bí hops bá ti pọ̀, ọtí náà á pẹ́. Àwa náà sọ bẹ́ẹ̀ fún kọ́sítọ́mà rí. Ìdajì òótọ́ ni. Hops ò ní jẹ́ kó tètè kan lóòótọ́, àmọ́ òórùn hops fúnra ẹ̀ ló kọ́kọ́ ń fò lọ. Olùṣọ́ ilé gan-an ló ń kọ́kọ́ kú. Torí òórùn yẹn sì ni àwọn èèyàn ṣe ń san owó gọbọi lórí agolo kékeré.

Nǹkan mẹ́ta ló ń pa á. Àkọ́kọ́ ni ooru. Àwọn tó ń pọn bíà ní òfin àfẹnusọ kan: 3, 30, 300. Ohun tí ọjọ́ 3 máa bàjẹ́ lára bíà nínú ooru tó tó 32°C, nǹkan bí ọjọ́ 30 ló máa gbà á nínú yàrá tó tutù díẹ̀, bíi 22°C, ọjọ́ 300 ló sì máa gbà á nínú fíríìjì. Àfojúbù ni o, àmọ́ ẹni tó bá ti wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù wa lọ́sàn-án máa mọ̀ pé a ti ju 32 lọ tipẹ́.

Èkejì ni ìmọ́lẹ̀. Bí oòrùn bá kan bíà nínú ìgò, ó máa ń yí ohun tó wà nínú hops padà, ọtí á wá máa rùn. Àwọn Amẹ́ríkà fi òórùn yẹn wé ti ẹranko kan nílẹ̀ wọn. Tí ẹ bá bi wá, asín ló jọ. Ìgò tó mọ́ gaara ò lè dáàbò bò ó rárá, ìgò aláwọ̀ ewé ò fi bẹ́ẹ̀ sàn jù ú lọ, ìgò aláwọ̀ igi ló dáa díẹ̀. Agolo ò jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé, àmọ́ kò lè dá ooru dúró. Ẹ wá wo bí a ṣe ń to kíréètì síta láti àárọ̀ dalẹ́ kí èèyàn lè mọ̀ pé ọtí wà. Ohun tí a fi ń polówó ọjà la fi ń ba ọjà jẹ́.

Ẹ̀kẹta ni afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó ṣẹ́kù sínú agolo tàbí ìgò. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, ó ń sọ ọtí náà di olómi páálí. Bí ooru bá pọ̀, iṣẹ́ ẹ̀ á tún yára sí i.

Torí náà, ọjọ́ tí wọ́n kọ sídìí agolo kì í ṣe ẹ̀rí pé ọtí náà ṣì wà láàyè. Ẹni tó kọ ọ́ ò mọ̀ pé lábẹ́ páànù ní Kubwa ló ń lọ. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pọn irú bíà yìí fẹ́ kéèyàn mu ún láàárín bí oṣù mẹ́ta. Lọ́dún 2012, iléeṣẹ́ Stone Brewing ní California gbé ọ̀kan jáde tí wọ́n pè ní Enjoy By. Wọ́n kọ ọjọ́ tó yẹ kéèyàn mu ún dà síwájú ìgò gàdàgbà, kò sì ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ. Kì í ṣe gbogbo bíà ló rí bẹ́ẹ̀ o. Stout dúdú tó le lè fara dà á pẹ́ ju IPA lọ.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé àwa Yorùbá ju ẹnikẹ́ni lọ, torí a mọ ẹmu. Kò sẹ́ni tó ń kọ expiry date sára akèrègbè. Ẹlẹ́mu fúnra ẹ̀ ló máa sọ fún ẹ pé ti àná nìyí, ti òwúrọ̀ yìí nìyẹn, owó wọn ò sì dọ́gba. Ẹni tó fẹ́ èyí tó le máa mú ti àná, ẹni tó fẹ́ èyí tó dùn máa mú ti òwúrọ̀. Ẹnu ẹlẹ́mu ni ọjọ́ wà. Ìgbà wo ni ẹnu tiwa wá di?

A mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ máa ní kò sí iná, owó díísù ti gun òkè, ta ló lè tan fíríìjì fún ogójì páálí? Òótọ́ ni, àwa náà ò lè ṣe é. Ohun tí a ń ṣe báyìí rèé. A kì í kó ju páálí méjì lọ lẹ́ẹ̀kan. A máa ń bi ẹni tó ń já ọjà fún wa pé ìgbà wo ni wọ́n pọn ọ́n, a ò bi í ní ìgbà tó máa expire nìkan. Bó bá dín owó kù, a ó bèèrè ìdí. A fi báírò kọ ọjọ́ tó wọlé sára páálí, èyí tó kọ́kọ́ wọlé ló ń kọ́kọ́ jáde. A ti fi sílíìnì sábẹ́ páànù, a sì ti gbé bíà kúrò lẹ́bàá ògiri jẹnẹrétọ̀. Kíréètì tó wà níta báyìí, ìgò òfìfo ló kún inú ẹ̀. Bí ọtí bá sì pẹ́ lọ́wọ́ wa, a ó dín owó ẹ̀, a ó sọ ìdí ẹ̀ lójú oníbàárà. Àwọn kan máa ń rà á bẹ́ẹ̀, wọn kì í sì í bú wa.

Èyí tó ti expire ń kọ́? Dídà ni. Gbogbo wa la mọ àwọn tó ń fi oògùn pa ọjọ́ ara agolo rẹ́ kí wọ́n tẹ òmíràn sí i. Iṣẹ́ ọ̀daràn nìyẹn, NAFDAC ò sì í fi irú ẹ̀ ṣeré. Àmọ́ kí àwa tí a kì í pa ọjọ́ rẹ́ má tíì yọ̀. Ẹni tó mọ̀ pé ọjà òun ti kú, tó fi yìnyín bò ó, tó gbé e fún ọmọlọ́mọ, kò jìnnà sí wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rà náà, ẹ gbà wá. Ìbéèrè kan ṣoṣo lẹ máa ń bi wa: "Ṣé ó tutù?" Títutù ń bo àṣírí púpọ̀. Ẹ dojú agolo délẹ̀, ẹ bèèrè ibi tí a tọ́jú ẹ̀ sí. Ẹni tó bá bínú sí ìbéèrè yẹn, ẹ mọ ìdí.

Ìlú onílùú la wà. Bí ẹyọ kan nínú wa bá ṣe màgòmágó, wọn kì í dárúkọ onítọ̀hún, Yorùbá ni wọ́n máa ń dá. Ọwọ́ àwọn tó ṣáájú wa débí la ti gba orúkọ rere tí a fi ń gba ọjà àwìn lónìí, àwọn ọmọ wa náà ń bọ̀ wá lò ó. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa lé e bá. Tiwa ò tó ogún ọdún, kọ́ọ̀pù méjì péré ló gbà.

Ẹ̀yin alájọṣòwò wa, ẹ sọ tiyín sísàlẹ̀ níbí. Báwo lẹ ṣe ń tọ́jú ọjà yín nínú ooru yìí? Kí Ọlọ́run má fi wá sílẹ̀ lájò. Ire o.