Ẹ̀rù Àyálò: Ta Ló Ní Èdè Jàpáànù Ju Ẹnu Ọmọ Yorùbá Lọ?

Nígbà tí ìwé dé pé yunifásítì kan ní Kyoto ti gbà mí, kò sẹ́ni tó bi mí pé kí ni mo fẹ́ lọ kọ́. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi mí: "Èdè wọn ńkọ́?" Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó ti pẹ́ ní London kó tó padà sílé, mirí títí. Ó ní èdè Jàpáànù ló le jù láyé, pé òyìnbó alára kò rí i kọ́, áḿbèlèǹtàsé èmi ọmọ Ìbàdàn. Gbogbo ilé sì dákẹ́, bí ẹni pé ẹjọ́ ti parí.

Ẹjọ́ kò parí. Ọ̀rọ̀ "òyìnbó alára" yẹn gan-an ni mo fẹ́ bá yín tú.

Ẹni tó bá ń wá ẹ̀rí fún ẹ̀rù yìí máa ń nawọ́ sí àwọn ará Amẹ́ríkà. Ìjọba wọn ní ilé-ẹ̀kọ́ kan, Foreign Service Institute, tó ń kọ́ àwọn aṣojú wọn ní èdè ilẹ̀ òkèèrè. Wọ́n to àwọn èdè sí ìsọ̀rí ìsọ̀rí. Faransé wà lára àwọn tó rọrùn. Jàpáànù wà nínú ìsọ̀rí tó le jù, òun àti èdè Ṣáínà, Kòríà àti Lárúbáwá: wákàtí 2,200 nínú kíláàsì. Irọ́ kọ́ o. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n? Ẹni tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi bí i ni. Bàtà tí wọ́n wọ̀n mọ́ ẹsẹ̀ ẹlòmíì la wá ń wò, tí a ń pariwo pé kò lè gba ẹsẹ̀ tiwa.

Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo débẹ̀, olùkọ́ wa kọ "ame" sí pátákó, ó sì pè é lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ìkíní ni òjò, ìkejì ni súwíìtì. Ọmọ Amẹ́ríkà tó jókòó tì mí ní òun kò gbọ́ ìyàtọ̀ kankan. Ọmọ Jámánì ní ohùn kan náà ni. Èmi ti gbọ́ ọ kí obìnrin náà tó pa ẹnu dé: ti òjò bẹ̀rẹ̀ lókè, ó sọ̀ kalẹ̀, ti súwíìtì bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, ó gòkè. Ó ní ká má da ara wa láàmú, pé ó máa ń pẹ́ kí etí àlejò tó là sí i. Ẹ̀rín pa mí. Ẹni tó ti kékeré mọ̀ pé igba kì í ṣe igbá, tí igbá kì í sì í ṣe ìgbà, kí ni "ame" méjì fẹ́ fi ṣe é? Òkè àti ìsàlẹ̀ nìkan sì ni wọ́n ní. Wọn ò tilẹ̀ ní ohùn àárín.

Ó tún dùn sí i nígbà tí mo kúrò nínú ìwé bọ́ sígboro. Bí ará Tokyo bá pe "hashi" láti òkè wá sísàlẹ̀, igi méjì tí wọ́n fi ń jẹun ló ń sọ. Bó bá ti ìsàlẹ̀ lọ sókè, afárá ni. Ní Kyoto, wọ́n yí i padà: ohùn tí Tokyo fi ń pe igi ìjẹun, òun ni ìyá onílé mi fi ń pe afárá. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní wọ́n ti tún fẹ́ dojú ọ̀rọ̀ rú. Ẹni tó ti gbọ́ Ìjẹ̀bú àti Èkìtì rí kò lè fi ìyẹn ṣe ẹjọ́.

Ẹ tún wo ìkíni. Mo ń ṣiṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ ní ilé oúnjẹ kan (akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gba ìwé àṣẹ lè ṣiṣẹ́ tó wákàtí 28 lọ́sẹ̀). Bí a bá ti tú ká lálẹ́, oníkálukú á máa kí ara wọn, "Otsukaresama!" Ọmọ Amẹ́ríkà ẹlẹgbẹ́ mi kò yéé bínú sí ọ̀rọ̀ yìí, pé kò ní ìtumọ̀ tó ṣeé dì mú. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àárẹ̀ ni! Ẹni tó bá ń jáde nílé á ní "itte kimasu", ìyẹn ni pé mò ń lọ kí n bọ̀. Ẹni tó bá wọlé dé, "okaeri" ni wọn yóò fi pàdé rẹ̀, káàbọ̀. Wọn kì í sì í da ẹ̀gbọ́n pọ̀ mọ́ àbúrò: "ani" ni ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, "otōto" ni àbúrò rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni kò bìkítà ẹni tó kọ́kọ́ dáyé.

Ibi tí mo ti ṣubú rèé. Olùkọ́ ní kí kálukú sọ̀rọ̀ nípa òbí rẹ̀. Mo pe bàbá mi ní "otōsan", mo fi gbogbo ọ̀rọ̀ ọlá tò ó tẹ̀lé e. Ó ní rárá, pé lójú ará ìta, ará ilé ẹni là ń rẹ̀ sílẹ̀. "Chichi" ni kí n pè é. Títí mo fi kúrò níbẹ̀, bí mo bá pe bàbá mi ní "chichi" níwájú ọ̀jọ̀gbọ́n, ó máa ń dà bí ẹni pé mo nàka sí i lójú. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ọ̀wọ̀, tó kàn gbé e gba ojú ọ̀nà mìíràn, ló ń ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ kan ni wọ́n gbé nattō fún wa. Ẹ̀wà sóyà tí wọ́n sè tí wọ́n sì bò mọ́lẹ̀ kó fi kan ni. Ó ń fà láti inú àwo dé ẹnu, òórùn rẹ̀ sì gba inú yàrá. Àwọn yòókù dimú. Èmi rí ìbátan irú. Kòkòrò àìfojúrí kan náà, Bacillus subtilis, ló ń ṣiṣẹ́ nínú méjèèjì. Obìnrin tó ń bù ú ní, "Nebaneba!" Ilá, tí wọ́n ń pè ní "okura", náà ń jẹ́ nebaneba. Ta ló nílò ìwé atúmọ̀ èdè? Yọ̀lọ̀yọ̀lọ̀ ni. Ohun tó bá rọ̀ múlọ́múlọ́, wọ́n ní ó "fuwafuwa". Kódà bí wọ́n ṣe ń yá ọ̀rọ̀ jọ tiwa: a ní mílíìkì, wọ́n ní "miruku", a ní bọ́ọ̀sì, wọ́n ní "basu". Àwa àtàwọn kì í sábà jẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì méjì to ara wọn láìfi fáwẹ̀lì là á láàárín.

Mi ò ní parọ́ fún yín ṣá o. Ọ̀rọ̀-ìṣe ń dúró sí ìparí gbólóhùn, bí ìgbà téèyàn ní "èmi ilá jẹ", ó sì pẹ́ kí orí mi tó gbà á. "Mizu", ìyẹn omi, "misu" ló ń jáde lẹ́nu mi. Kanji wá ni baba wọn: 2,136 ni ìjọba kà sí èyí tó wà fún ìlò ojoojúmọ́. Mo ra ìwé onílà ìgun mẹ́rin tí àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń lò, mo ń ya ìlà alaalẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wọn alára ń lo ọdún mẹ́fà lórí 1,026 àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ àti sùúrù nìyẹn. Kò kan ẹnu wa.

Ẹlòmíì á ní kí lèèyàn fẹ́ fi èdè wọn ṣe, nígbà tí wọ́n ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni. Òótọ́ ni: láti 2009 ni ètò Global 30 ti mú kí yunifásítì 13 ṣí ẹ̀kọ́ àfi-Gẹ̀ẹ́sì-kọ́. Ẹ gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé bẹ́ẹ bá rí i. Àmọ́ nílé oúnjẹ wa, ẹni tí kò gbọ́ èdè, ẹ̀yìn ló wà tó ń fọ abọ́. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Lóṣù kẹjọ, wọ́n ní kí n bọ́ síwájú wá máa kí oníbàárà.

Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ lọ́mọ tó ń fẹ́ lọ, ẹ má fi ẹ̀rù àyálò dá a dúró. Fáwẹ̀lì márùn-ún péré ni àwọn ará Jàpáànù ní: a, i, u, e, o. Ẹ kà á sókè báyìí, bẹ́ ẹ ṣe ń ka tiwa. Ẹ ti pè é.