Tòmátò Inú Ilé Ọ̀rá: Ta Ni Ó Ni Irúgbìn Rẹ̀?

Ní oṣù Èbìbí ọdún 2016, ìjọba ìpínlẹ̀ Kàdúná kéde pé ọ̀ràn tòmátò ti di ọ̀ràn pàjáwìrì. Kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní Tuta absoluta, irú àfòpiná kékeré tí ó ti gúúsù Amẹ́ríkà wá, tí ó sì wọ Spéìnì ní ọdún 2006, ni ó jẹ oko run tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ènìyàn fi sọ ọ́ ní Ébólà tòmátò. Ilé iṣẹ́ ńlá tí Dangote ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ní Kadawa, ní ìpínlẹ̀ Kánò, ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún kan náà, dá iṣẹ́ dúró kí oṣù mẹ́ta tó pé, nítorí kò rí tòmátò lọ̀. Nígbà tí ó sì di oṣù Èrèlé ọdún 2021, lẹ́yìn ìjà ọjà Ṣáṣá ní Ìbàdàn, àwọn oníṣòwò oúnjẹ láti Àríwá dá ọkọ̀ wọn dúró fún ọjọ́ mélòó kan, gbogbo Èkó sì mọ ibi tí ọbẹ̀ rẹ̀ ti ń wá.

Irú ìṣẹ̀lẹ̀ báyìí ni ó mú kí ọ̀rọ̀ ilé ọ̀rá gbòde kan. Wọ́n ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ pé kí wọ́n yá owó, kí wọ́n ra ilé ọ̀rá, kí wọ́n gbin tòmátò wẹ́wẹ́ tí kò tóbi ju èso iyeyè lọ, nítorí àwọn hòtẹ́ẹ̀lì ń wá a. Irọ́ kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Àwọ̀n tí ojú rẹ̀ há dáadáa ń lé àfòpiná náà sẹ́yìn, ọ̀rá sì ń gba òjò tí ń mú ewé jẹrà. Ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀ tí àwọn olówò náà kì í sọ.

Èkíní ni irúgbìn. Akọ àti abo wà nínú òdòdó tòmátò kan náà. Fúnra rẹ̀ ni ó ń gba ara rẹ̀ lóyún. Ẹni tí ó bá fẹ́ da ẹ̀yà méjì pọ̀ ní láti ṣí òdòdó ìyá kí ó tó là, kí ó fi ẹ̀mú yọ akọ inú rẹ̀, kí ó sì fi ìyẹ̀fun òdòdó bàbá kàn án, òdòdó kan lẹ́yìn òmíràn, pẹ̀lú ọwọ́. Abájọ tí irúgbìn náà fi wọ́n. Ọmọ tí ó bá jáde a máa lágbára, a máa so púpọ̀, èso rẹ̀ a sì máa jọra. Ṣùgbọ́n bí àgbẹ̀ bá tún gbin kóró inú èso yẹn, àwọn ọmọ-ọmọ kò ní jọra mọ́: ọ̀kan á dùn, èkejì á kan, ẹ̀kẹta kò ní so tó nǹkan. Nítorí náà, ní gbogbo ìgbà ọ̀gbìn ni àgbẹ̀ yóò máa padà sọ́dọ̀ ẹni tí ó ni ìyá àti bàbá irúgbìn náà, ẹni náà sì sábà máa ń wà lókè òkun. Iye tí ó bá dá lé e ni àgbẹ̀ yóò san.

Èkejì ni ooru. Ní Yúróòpù, nítorí kí ooru má baà jáde ni wọ́n ṣe ń kọ́ ilé yìí. Ní Nàìjíríà, ooru gan-an ni ọ̀tá. Bí òru kò bá tutù, òdòdó tòmátò a máa rẹ̀ dànù láìso. Òkè Jọ́ọ̀sì lè gbà á. Ẹni tí ó bá gbé ilé tí wọ́n ṣe fún ìlú òtútù wá sí Ìkòròdú, tí kò sí ojú àtẹ́gùn lókè rẹ̀, ààrò ni ó rà. Àrùn tí ń mú igi tòmátò rọ lójijì pẹ̀lú wà nínú ilẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọ̀rá kò lè dí i lọ́nà; àfi kí wọ́n gbìn ín sínú àpò èèpo àgbọn, èyí tí ó tún jẹ́ owó.

Sẹ̀nẹ̀gà ni wọ́n máa ń tọ́ka sí. Lóòótọ́, nítòsí Saint-Louis, ilé iṣẹ́ Grands Domaines du Sénégal, tí Compagnie Fruitière ti Marseille ni, ń gbin tòmátò wẹ́wẹ́ nínú ilé ọ̀rá, ó sì ń kó o lọ sí Yúróòpù nígbà òtútù wọn. Àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀m tí wọ́n ṣe ìwádìí níbẹ̀ rí i pé owó iṣẹ́ wọ ilé àwọn tálákà, àwọn obìnrin pẹ̀lú sì rí iṣẹ́. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n alágbàṣe ni wọ́n lórí oko náà, wọn kì í ṣe olóko. Afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́ sí ibẹ̀, ọjà sì ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó gbìn. Ọ̀dọ́ tí ó yá owó ní Ògbómọ̀ṣọ́ kò ní ọ̀kankan nínú wọn.

Tòmátò wẹ́wẹ́ kò sì lè se ọbẹ̀ orílẹ̀-èdè. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba fúnra wọn ti sọ léraléra pé nǹkan bí ìdá 45 nínú 100 tòmátò Nàìjíríà ni ó ń ṣòfò lẹ́yìn ìkórè. Inú apẹ̀rẹ̀ ọ̀pá raffia ni ó ti ń fọ́, èyí tí ó wà nísàlẹ̀ ti di omi kí ọkọ̀ tó dé Mile 12. Àpótí oníke àti ọkọ̀ tí inú rẹ̀ tutù yóò gba ohun tí ó pọ̀ ju ti ẹgbẹ̀rún ilé ọ̀rá lọ.

Bí ìjọba bá sì fẹ́ ilé ọ̀rá dandan, ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí ọ̀gbìn èso àti ẹ̀fọ́, NIHORT, ti wà ní Ìdí-Ìṣìn, Ìbàdàn, láti ọdún 1975. Kí wọ́n fún un lówó láti tọ́jú ìyá àti bàbá irúgbìn tí ó lè so nínú ooru, kí wọ́n sì tà á fún àgbẹ̀ ní iye tí apá rẹ̀ ká, kí wọ́n tó fi ìwé owó yíyá lé ọ̀dọ́ kan ṣoṣo lọ́wọ́.